Ìgbéyàwó Tí A Fi Ṣeré

Bọ́tìnì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Bọ́tìnì funfun kan ṣoṣo báyìí. Èmi ni mo rán an mọ́ aṣọ náà, nítorí náà n kò lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Aránṣọ ni mí ní ilé-iṣẹ́ fíìmù kan. Ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Orin ló ń kọ tẹ́lẹ̀. Láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ohùn rẹ̀ ti wà lórí redíò, tí àwọn awakọ̀ ń bá a gbè é, tí àwọn onígbàjámọ̀ náà ń bá a gbè é títí wọ́n fi ń gé ibi tí kò yẹ kí wọ́n gé lórí oníbàárà, tí gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Olóhùn-Iyọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa wá sílé, ó ní ojú ọmọ náà dára ju ká kàn máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bójú tó iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó gba ìwé àdéhùn, ó ka ojú ewé kìn-ín-ní, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó bu ọwọ́ lù ú, ọmọ náà sì bu ọwọ́ lù ú tẹ̀lé e. Ojú ewé mọ́kànlá ló kù tí ẹnikẹ́ni kò kà. Èmi náà wà níbẹ̀, oúnjẹ ni mò ń jẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan ilẹ̀kùn yàrá aṣọ, ó gbá ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ àyà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnì kejì láti òkè. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó, ó ti dí."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yí padà sí i wìrì. "Ta ló ní kó máa ka bọ́tìnì àyà mi?"

"Iṣẹ́ mi ni, mà."

"Iṣẹ́ rẹ ni kó o máa wo àyà obìnrin?"

"Bọ́tìnì ni mò ń wò, mà." Ilẹ̀ ló tiẹ̀ ń wò. "Mo tún ń wo ife. Ọwọ́ òsì lẹ fi gbé e, ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e kalẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Àwa onífíìmù kì í ya ìtàn tẹ̀léra. A lè ya ibi tí obìnrin ti jáde nílé lónìí, ká tó ya ibi tó ti wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rántí ọwọ́ wo ló gbé báàgì, báwo ni irun ṣe rí, níbo ni ojú wà. Òun la gbà fún iyẹn. Arántí la ń pè é, àfi bí ẹni pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àṣálẹ́ àṣálẹ́ ló máa ń kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ fún Ọ̀gá, Ọ̀gá á sì kà á láti òkè délẹ̀.

Fún oṣù kan gbáko, Olóhùn-Iyọ̀ ò kì í. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa ń jẹun ọ̀sán nínú ọgbà, ó ní òun fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ tó o mọ gbogbo nǹkan, kí ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọrin ní gbọ̀ngàn ìlú?"

Arántí gbé ṣíbí kalẹ̀. "Aṣọ aláwọ̀ ewé, ọlọ́wọ́ gígùn. Lẹ́yìn orin kẹta, ẹ rọra bọ́ bàtà yín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn yín. Ti òsì lẹ gbé ara lé títí ẹ fi kọrin tán."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yí ìjókòó rẹ̀ sí i.

"O wà níbẹ̀?"

"Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà."

"Kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Màmi gan-an ò rí i."

"Èmi rí i, mà."

N kò tíì rí ọjọ́ tí ọmọ yẹn wá ọ̀rọ̀ tì. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́ láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wo oúnjẹ rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Nígbà tí mo padà sí yàrá aṣọ, ó ti jókòó sórí àpótí ìránṣọ mi.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní ìyàwó."

"Ṣé ìwọ ò ní ẹnu ni?"

"Ẹ bá mi béèrè ni mo wí."

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là sí méjì níbi tí mo ti ń gbé ìwé lọ, tí mò ń gbé ìwé bọ̀. Ìwé Arántí kò ní ọ̀rọ̀ dídùn nínú rárá. Ohun tó rí ló ń kọ: pé ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó tan iná, pé ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni ò wo òun, pé kí ló dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á kà á tán, á tún un kà, á wá máa wo ògiri. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti sọ fún un pé ó lẹ́wà. Kò tíì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn méjèèjì fẹ́ fẹ́ ara wọn.

"Ẹni tó ń ka ife!" ló pariwo.

"Ọmọlúwàbí ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ọmọlúwàbí ni n ó fi han àwọn oníròyìn? Wọ́n á ní ta ni ọkọ ọmọ mi, n ó ní ọ̀gbẹ́ni kan báyìí tó ń ka bọ́tìnì. Jọ̀ọ́, má fi mí ṣe ẹlẹ́yà láàárọ̀ yìí."

Mo lọ bá bàbá Arántí náà. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé pátákó ìkọ̀wé wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyáàfin, mo ti rí ọmọ yín."

"Níbo lẹ ti rí i, sà?"

"Nínú fíìmù. Ọkùnrin mẹ́ta ló dì mọ́ ọn láàárín wákàtí méjì."

"Eré ni, sà."

"Mo gbọ́. Apá tí wọ́n fi dì í mọ́ra ńkọ́, ṣé eré ni apá náà?"

Ó bá mi. Mo dágbére, mo lọ sílé.

Èyí tó wá burú jù wà nínú ìwé àdéhùn. Arántí, tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ láì kà, ló ní kí wọ́n mú un wá kí òun wò ó. Ó kà á tán, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ojú ewé kẹsàn-án," ló sọ. "O ò gbọdọ̀ ṣègbéyàwó títí fíìmù karùn-ún yóò fi jáde. O ò sì gbọdọ̀ kọrin fún ẹlòmíràn níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ṣì ń lò ọ́ fún ìtàn náà."

"Fíìmù karùn-ún kẹ̀? Ọ̀kan ṣoṣo la tíì ṣe."

"Mo mọ̀."

Ìtàn kan náà ni fíìmù márààrún: ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lọ́kọ, tí ọkọ ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran ń dúró de ọjọ́ tí yóò rí i fẹ́. Bó bá wá fẹ́ ẹlòmíràn nígboro, ta ni yóò tún sanwó wọlé wá wò ó? Ohun tí Ọ̀gá rò nìyẹn, ọ̀rọ̀ ajé sì ni lóòótọ́. Àmọ́ ara ọmọ èèyàn ni wọ́n fi ṣòwò.

Ọdún márùn-ún ló gbà. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń fi tẹ́ẹ̀pù yí ìbàdí rẹ̀ ká lójú akọ̀wé Ọ̀gá, nítorí ìbàdí náà kò gbọdọ̀ yí padà. Irun rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrú, kò gbọdọ̀ gùn. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, aṣọ ọmọ ogún ọdún ni mo ṣì ń rán fún un. Arántí ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé kò yàtọ̀ sí ti àná. Ọkùnrin tó fẹ́ bá a dàgbà ni wọ́n ń san owó oṣù fún kó má jẹ́ kó dàgbà.

"Àǹtí mi, ṣé yóò dúró?" ló máa ń bi mí bí mo bá ń wọn ìbàdí rẹ̀.

"Ibo ló fẹ́ lọ? Dúró ṣinṣin jàre, tẹ́ẹ̀pù ń yẹ̀."

Ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Fíìmù kẹrin ni wọ́n fi wá ṣẹ̀sín. Òṣèré tó ṣe dókítà níbẹ̀ gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sódì, gbogbo ilé ìwòran sì hó lé e lórí. Inú bí Ọ̀gá. Ó búra pé nínú fíìmù karùn-ún, tí ọmọbìnrin náà yóò lọ́kọ níkẹyìn, gbogbo nǹkan ni yóò jẹ́ ojúlówó. Ó rán Arántí lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba kó lọ wo bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Arántí padà wá, ó ní akọ̀wé ìgbéyàwó fẹ́ràn orin Olóhùn-Iyọ̀ débi pé ó ní òun fúnra òun yóò gbé ìwé náà wá.

Inú wa dùn. Kò sẹ́ni tó ronú nínú wa, èmi alára kò ronú. Akọ̀wé Ọ̀gá kún gbogbo fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì náà kó fún un, ó rò pé ìwé àṣẹ láti ya àwòrán ni. Nígbà kan náà, ilé-iṣẹ́ wa ti ń sọ kiri fún àwọn oníròyìn pé Olóhùn-Iyọ̀ àti ọkùnrin tí yóò fẹ́ ẹ nínú fíìmù náà ti fẹ́ràn ara wọn lóòótọ́. Irọ́ gbuu ni, wọ́n fi ń polówó ni. Ọkùnrin ọ̀hún ni òṣèré tí à ń pè ní Ọkọ-Ìyàwó, nítorí kò sí fíìmù tí wọn ò tíì fi í ṣe ọkọ ìyàwó rí. Akọ̀wé ìgbéyàwó ka ìwé ìròyìn, ó sì gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá ní, "Ẹ ṣe é gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, sà."

Ọkùnrin ìjọba náà sì ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é. Ó béèrè orúkọ wọn gidi, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìyá ìyàwó, kí èmi ṣe àbúrò ìyá rẹ̀, pé ó máa dà bí òótọ́. Ojúlówó aṣọ ni mo wọ̀, mo kun ètè, mo bu ọwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n mi náà bu ọwọ́ lù ú.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ya ibi tí ìyàwó ti sọ pé òun gbà. Èkíní kò dùn, èkejì iná kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé ojú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí Ọkọ-Ìyàwó kọjá, ó lọ dúró lára Arántí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. "Mo gbà," ló wí, omijé sì dà. Àwọn tó ń gbé iná gan-an sunkún. Mo wo Arántí, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé àkọsílẹ̀. Mo ní, ó kù díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ó kù díẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà tí fíìmù náà jáde, àwa mẹ́ta lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó láti lọ fi orúkọ sílẹ̀. Olóhùn-Iyọ̀ de ìborí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Akọ̀wé ìgbéyàwó rí wa, ó fò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ìyàwó wa! Ìwé ẹ̀rí lẹ wá gbà? Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ọkọ ńkọ́?"

"Ọkọ nìyí," lọmọ náà wí, ó na ọwọ́ sí Arántí.

Akọ̀wé wo Arántí, ó wò mí, ó tún wo inú ìwé. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ti lọ́kọ."

"Eré ni wọ́n ṣe, sà!" ni mo kígbe.

"Èmi kì í ṣe òṣèré, mà," ni ọkùnrin náà dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. "Ìwé ìjọba nìyí. Ẹ wò ó, ọwọ́ ẹ̀yin náà nìyí."

Mo wò ó. Ọwọ́ mi ni lóòótọ́, mo tiẹ̀ fà á gùn dáadáa torí pé kámẹ́rà ń wò mí.

Ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti rí wàhálà, Ọ̀gá rí àǹfààní. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn pé ìgbéyàwó inú fíìmù náà, òótọ́ ni. Ilé ìwòran tún kún. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fíìmù kẹfà, ti tọkọtaya tuntun. Olóhùn-Iyọ̀ ní òun kò ṣe. Ọ̀gá ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní kọrin fún ẹnikẹ́ni, torí ilé-iṣẹ́ ṣì ń lò ó fún ìtàn náà. Ojú ewé kẹsàn-án.

Ọkọ-Ìyàwó fúnra rẹ̀ wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà. N kò lè pè é ní èèyàn burúkú, bó ṣe wù mí tó.

"Ọdún méjì ni wọn ò fi pè mí síṣẹ́," ló wí. "Ojú mi ti ń gbó. Látìgbà tí mo ti di ọkọ rẹ ni fóònù mi ò ti sinmi. Ṣáà jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo lè jẹ́ ọkọ dáadáa o."

"O ti jẹ́ ọkọ dáadáa nínú fíìmù mẹ́sàn-án," lọmọ náà dá a lóhùn. "Nítorí kí fóònù rẹ lè máa dún, kí èmi wá wà báyìí?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Má bínú. Mi ò lè sọ ní kóòtù pé mi ò gbà ọ́."

Kóòtù la bá ara wa lóòótọ́, a ní kí wọ́n fagi lé ìgbéyàwó náà. Adájọ́ pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Màdámù, ẹ̀yin ni ìyá. Kí lẹ rí lọ́jọ́ náà?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Mo rí ọmọ mi tó ń sunkún ayọ̀, Olúwa mi. Mo bu ọwọ́ lù ú."

Wọ́n pe èmi náà. Mo ní eré ni. Lọ́yà Ọkọ-Ìyàwó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo bu ọwọ́ lùwé. Mo ní rárá. Ó ní kí n máa lọ jókòó.

Wọ́n pe Arántí. Ó sọ pé ojú ìyàwó kò sí lára ọkọ nígbà tó sọ pé òun gbà, pé ara òun ló wà. Gbogbo kóòtù kùn hùn-ùn. Bàbá rẹ̀ wà níjòkòó ẹ̀yìn, mo rí i tó fi ọwọ́ bojú. Lọ́yà wá gbé ìwé àkọsílẹ̀ Arántí sókè, èyí tí ilé-iṣẹ́ kó fún un.

"Ọwọ́ rẹ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Kà á."

Arántí kò kà á. Lọ́yà bá a kà á: "Ìgbà kẹta. Ojú ìyàwó wà lójú ọkọ. Omijé ní ojú méjèèjì."

"Irọ́ ni mo kọ," ni Arántí wí.

"Kí ló dé tó o fi kọ irọ́?"

"Ọ̀gá ń ka ìwé náà lójoojúmọ́. N kò fẹ́ kí Ọ̀gá mọ̀ pé Olóhùn-Iyọ̀ fẹ́ràn mi. Wọ́n ì bá lé e."

Adájọ́ tẹ ara síwájú. "Irọ́ mélòó ló wà nínú ìwé yìí?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo, Olúwa mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọdún márùn-ún ni ọkùnrin yìí fi kọ òótọ́ lórí ife àti bọ́tìnì, irọ́ kan tó pa láti fi dáàbò bo obìnrin rẹ̀ ni wọ́n wá fi dè é mọ́ ẹlòmíràn.

Ní ìparí, adájọ́ kọjú sí Olóhùn-Iyọ̀. "Nígbà tó o ní o gbà, ṣé tọkàntọkàn ni?"

Lọ́yà wa ti kọ́ ọ pé kó sọ pé rárá. Mo rí i tó ya ẹnu, tó tún pa á dé. Ó wo Arántí.

"Tọkàntọkàn ni, Olúwa mi. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Òfin kò mọ ibi tí ojú ń wò," ni adájọ́ wí. Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà. "Orúkọ tó wà nínú ìwé ni òfin mọ̀."

Ó dá a pé ìgbéyàwó náà dúró. Bí ìyàwó kò bá fẹ́ ọkọ mọ́, kó máa dá gbé fún ọdún mẹ́ta kó tó padà wá. Bí wọ́n bá rí òun àti ọkùnrin mìíràn pọ̀ kí ọdún náà tó pé, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwòrán rẹ̀ ńlá, nínú aṣọ ìyàwó, wà lórí ògiri òdìkejì òpópónà, a kò sì lè ṣí fèrèsé kí a má rí i. Bọ́tìnì ló ń bá mi rán. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á na ọrùn.

"Ẹ kú ìyàwó o! Ọkọ ńkọ́?"

"Ó wà," ló máa ń dáhùn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti lọ tán, á fi ọwọ́ nu ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Àǹtí mi, bó bá jẹ́ pé eré ni mo ṣe ńkọ́?"

"Fún ta ni?"

"Fún Arántí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún òṣèré mẹ́fà, omijé ń bọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá ní kó bọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tèmi?"

Ká má purọ́, ó ti wà lórí ahọ́n mi pé kó gbà fún Ọkọ-Ìyàwó, kó lọ máa jẹ ayé. Mo gbé e mì.

Arántí náà ti pàdánù iṣẹ́. Ta ló fẹ́ gba arántí tó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ pé òun kọ irọ́? Ilé ìtẹ̀wé kan gbà á pé kó máa wá àṣìṣe inú ìwé kiri. Kò lè wọlé wá bá wa, kò lè kọ lẹ́tà, torí lọ́yà Ọkọ-Ìyàwó ní ẹni tó ń ṣọ́ wa. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, ní ọ̀sán gangan, á gba òdìkejì òpópónà kọjá láì wo ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà di ọwọ́ mi mú ní fèrèsé.

"Ẹ wò ó. Lánàá, ọwọ́ òsì ni aago rẹ̀ wà."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó ká apá aṣọ kan sókè, ó fi ìkejì sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó tún tẹ̀lé ìyẹn, okùn bàtà yàtọ̀ síra. Lójoojúmọ́ ni nǹkan kan ń yí padà lára rẹ̀, kí ẹnì kan lè wò ó dáadáa. Èmi tí mò ń fi aṣọ jẹun kì í rí i. Òun máa ń rí i.

Ní ọdún kejì, ó kọjá fún ìgbà ìkẹyìn ní ọjọ́ Ẹtì kan, a kò sì rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ náà kò jẹun, kò sunkún, ó kàn ń rán bọ́tìnì mọ́ ibi tí kò sí ihò.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ló sọ fún mi. "Kò dá mi lójú pé èmi náà ì bá dúró."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo gbọ́ tó pariwo ní fèrèsé. Mo sáré lọ wò. Bàbá Arántí ló ń bọ̀ lódìkejì òpópónà, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí kì í jáde láì lọ aṣọ rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ sódì, ojú rírán rẹ̀ wà níta. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé orí sókè, kò wo ẹnikẹ́ni, ó rọra ń rìn. Nígbà tó dé ọ̀kánkán wa, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ sinmi, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó mi orí, ó sì ń lọ.

"Ara rẹ̀ ò yá," lọmọ náà wí, omijé ti ń dà. "Àyà ni. Ara rẹ̀ ò yá, ló fi rán bàbá rẹ̀."

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni bàbá yẹn fi wọ aṣọ ní ìwọ̀kuwọ̀ gba òpópónà wa kọjá, títí ara ọmọ rẹ̀ fi yá.

Ọdún mẹ́ta pé. Ọkọ-Ìyàwó kò bá wa jà mọ́, ó ti rí fíìmù tuntun àti ìyàwó tuntun nínú rẹ̀. Adájọ́ tú ìgbéyàwó náà ká. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà àti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú parí, nítorí ìtàn ìyàwó náà kò tún sí mọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé orin rẹ̀ sórí redíò mọ́, àwọn ọmọ tuntun ti gba ipò rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé ni nígbà náà.

Akọ̀wé ìgbéyàwó kan náà la bá. Bó ṣe rí wa, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Kámẹ́rà ò sí níbì kankan?"

"Kò sí, sà."

"Ẹ búra."

A búra. Bàbá Arántí bu ọwọ́ lùwé, mo bu ọwọ́ lù ú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní òun kò ní fọwọ́ kan gègé kankan mọ́ láyé òun. Arántí ti sọ tirẹ̀, wéré, láì fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó wá kan ìyàwó.

Ó ya ẹnu. "Mo gbà," ló wí, ó dùn létí, ó já gaara, ohùn inú fíìmù gẹ́lẹ́. Òun alára gbọ́ ọ. Mo rí i bí ẹ̀rù ṣe bà á.

"Rárá," ló wí. "Ẹ dúró ná."

Ó tún ya ẹnu. Ohùn mìíràn jáde, èyí tó fi ń kọrin, ó tún ṣíwọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan kan ò jáde rárá. Akọ̀wé wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde nídìí ilẹ̀kùn. Mo rí i pé gbogbo ohùn tó ní ni wọ́n ti bá a lò tán, kò ku ọ̀kan tí yóò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Arántí kàn dúró, bó ṣe ti ń dúró láti ọjọ́ yìí.

Ọmọ náà fa imú. Kò wo Arántí, bàtà rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀n... mo... mo gbà," ló wí. Ó há sí i lọ́fun, ó ta kókó láàárín, kò tilẹ̀ dún dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kò dùn-ún gbọ́ rárá.

Ẹnikẹ́ni kò ní kó tún un sọ.